Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Kì Í Bá Bàbá Darúgbó

Arábìnrin kan láti Ọ̀fà kọ̀wé sí mi nípa bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 74 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá fínra ọjọ́ ti pẹ́. Ó rẹ Bàbá débi pé wọn kò lè rìn dé mọ́sálásí mọ́, wọ́n gbé wọn wá sí Ìlọrin, àyẹ̀wò fi hàn pé PCV wọn (ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) ti wálẹ̀ dé 19, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀rá méjì sí wọn lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ka déètì tó wà lára ọ̀rá àkọ́kọ́, ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà ti lo ọjọ́ 22 nínú fíríìjì, ló bá fárígá pé ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣá ni wọ́n ń fún bàbá àwọn. Nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ pẹ̀tù sí i nínú wá sọ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gan bó bá ti ń dàgbà, ni ọ̀rọ̀ náà bá tún dá kún ẹ̀rù tó wà nílẹ̀. Ìbéèrè arábìnrin náà nìyí: “Ṣé bí ènìyàn ṣe ń darúgbó ni sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ń gan? Ṣé ohun tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Bàbá gbẹ nìyẹn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú fíríìjì kò sì ní há sí wọn níṣan?”

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Nọ́ọ̀sì yẹn kò parọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọnú ara wọn nínú ìbéèrè yín, bí a kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdáhùn mi kò ní yé yín. Èkíní ni ọjọ́ orí Bàbá fúnra wọn. Èkejì ni ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tó ti jáde nínú mùdùnmúdùn egungun. Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn fi tọrẹ ti lò nínú fíríìjì. Èkejì yìí gan-an ni nọ́ọ̀sì ń sọ, òun náà ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Nínú ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ, ìyẹn oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń ṣàn lára Bàbá nígbà tí wọ́n ń pa ẹran Iléyá ti kúrò lára wọn pátápátá kí ààwẹ̀ tó tẹ̀lé e tó wọlé. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì tó dàgbà jù lọ lára Bàbá kò fi ọjọ́ orí ju èyí tó dàgbà jù lọ lára ọmọ-ọmọ wọn lọ. Ojoojúmọ́ ni ara ń kó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kúrò tó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, iye tó ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo sì tó mílíọ̀nù méjì.

Wọn kò kàn fojú díwọ̀n iye ọjọ́ yìí. Ní 1919 ni Winifred Ashby fi hàn pé a lè ka sẹ́ẹ̀lì àlejò nínú ara ẹni: ó lo àwọn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ oríṣi O sí lára nígbà tó jẹ́ pé oríṣi mìíràn ni tiwọn, ó sì ń tẹ̀lé sẹ́ẹ̀lì O náà títí wọ́n fi tán. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti David Shemin ní Amẹ́ríkà, ẹni tó jẹ gíráàmù 66 glycine láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Glycine jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ara fi ń mọ hemoglóbíìnì, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n sì ti fi nitrogen tó wúwo ju ti gbogbo ìgbà lọ sàmì sí i. Ó wá ń fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò léraléra láti mọ ìgbà tí àmì náà máa pòórá. Nígbà tí òun àti David Rittenberg tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1946, ọjọ́ 127 ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Kí ni ojú sẹ́ẹ̀lì náà wá ń rí láàárín oṣù mẹ́rin yìí? Ẹ mú píọ̀ wọ́tà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe kún, kí ẹ já etí èkejì, kí ẹ da bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì so ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ wá gbìyànjú láti ti méjèèjì gba àárín irin ojú fèrèsé kọjá. Èyí tó kún yóò kọ̀, bí ẹ bá sì fipá tì í, yóò bẹ́. Èyí tí omi rẹ̀ dín yóò ká, yóò gùn, yóò yọ́ kọjá, bó bá sì dé òdìkejì, á tún tẹ́ pẹrẹsẹ bó ti wà. Ọ̀rá kan náà ni àwọn méjèèjì, nínípọn wọn kò yàtọ̀; ohun tó gba èkejì là ni pé ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ju omi inú rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 8 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), àárín rẹ̀ sì jin wọnú lójú méjèèjì, bí ìgbà tí ẹni tó ń ṣe búnsì fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ àárín rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Awọ tó bò ó tó nǹkan bí 140 ní ìwọ̀n máíkírọ́ọ̀nù onígun mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù ni, tó sì gbé iye ohun kan náà sínú, awọ rẹ̀ kì bá tó 100. Àlékún awọ yẹn ló ń jẹ́ kó lè ká ara rẹ̀ bí ẹní kó sì gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 4 tàbí 5 lọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru. Lábẹ́ awọ náà ni àwọ̀n kan wà tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín tó ń jẹ́ spectrin hun. Àwọ̀n yìí ló ń fà bíi rọ́bà, òun ló sì ń dá sẹ́ẹ̀lì padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yọ́ kọjá.

Láti ọjọ́ tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà. Ẹni tó bá ti ra wàrà ní ọjà Ìpàtà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú omi rẹ̀ rọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Èyí tí omi ti ro kúrò lára rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ti sún kì, ó sì le, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi nǹkan kan kún un. Omi ni sẹ́ẹ̀lì pupa náà ń sọ nù díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú potassium tó ń jò jáde, tí hemoglóbíìnì tó kù nínú rẹ̀ sì ń ki sí i. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà déédéé, hemoglóbíìnì tó nǹkan bíi gíráàmù 33 nínú mílílítà 100. Ìki rẹ̀ kì í bá ìwọ̀n yìí gun òkè ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: láti 27 dé 37 nìkan, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta, bó bá sì ti kọjá ibẹ̀, ńṣe ló ń fò sókè. Sẹ́ẹ̀lì tí inú rẹ̀ ki báyìí kì í tètè yí ìrísí padà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tì í.

Àmọ́ wàrà kì í sọ awọ nù, sẹ́ẹ̀lì pupa ń sọ ọ́ nù. Ó ń já awọ rẹ̀ ní kékeré-kékeré, bí ìgbà tí ọṣẹ bá yọ ìfóòfó, àwọn ìfóòfó wọ̀nyí á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tó bá fi máa lo ọjọ́ rẹ̀ tán, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún awọ rẹ̀ ti lọ, pẹ̀lú hemoglóbíìnì díẹ̀. Kò sì ya wèrè tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hemoglóbíìnì ní irin nínú, ọ́síjìn ló ń gbé kiri, ibi tí irin àti ọ́síjìn bá sì ti pàdé, ìdógùn-ún kò jìnnà. Lójoojúmọ́ ni díẹ̀ nínú hemoglóbíìnì ń bàjẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ awọ, tó ń kó àwọn protein tó wà níbẹ̀ jọ sójú kan, tó sì ń so okùn spectrin pọ̀ títí àwọ̀n náà kò fi ní fà dáadáa mọ́. Sẹ́ẹ̀lì a máa já apá tó bàjẹ́ yẹn sọ nù láti lè pẹ́ sí i. Awọ tó yẹ kó fi máa ká ara rẹ̀ ló sì ń ná lórí ìmọ́tótó yìí. Kò lè ṣe òmíràn dípò rẹ̀, nítorí pé kó tó kúrò nínú mùdùnmúdùn ló ti ju nucleus rẹ̀, ibi tí àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì ti ń wá, nù, ohun tó sì fi ń ṣe protein tuntun kì í pẹ́ tán lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n dì fún un lọ́jọ́ tó kúrò nílé ló máa jẹ títí dópin.

Ẹ má sì rò pé èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló rọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tóbi, ó sì le díẹ̀. Ó máa ń gbà á tó ọjọ́ kan sí méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ sí ìrísí tí mo júwe lókè.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń fara hàn ni ọlọ inú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, tó wà lápá òsì ikùn lábẹ́ egungun ìhà. Nínú rẹ̀ ni àwọn àlàfo tóóró kan wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò sí ara wọn bí pákó ọgbà. Fífẹ̀ àlàfo náà kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 1 lọ, gígùn rẹ̀ kò ju 2 tàbí 3. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó 8 máa gbà kọjá, léraléra lójoojúmọ́. Èyí tí awọ rẹ̀ ṣì tú dáadáa á na ara rẹ̀ bí okùn bàtà tó ń wọ ojú ihò, á yọ́ bọ́ sí òdìkejì. Èyí tó ti sún kì, tó ti ń di rìbìtì, tí inú rẹ̀ ti ki, á há. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń gbé ohun tó ti gbó mì ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró, wọ́n á sì yẹ àmì tó wà lára awọ rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí pé awọ tó ti gbó máa ń yọ àwọn àmì kan síta, ó sì máa ń pàdánù àwọn mìíràn tó ń sọ pé “ẹ má fọwọ́ kàn mí”. Wọ́n á gbé e mì. Ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn náà ń bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n ti yọ ọlọ inú rẹ̀ kì í fi í ní sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń lo ọdún kan.

Irin tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà kò ṣòfò. Nǹkan bíi mílígíráàmù 20 sí 25 irin ló ń tipa báyìí padà sínú mùdùnmúdùn lójúmọ́ kan láti fi mọ tuntun, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí a ń rí gbà nínú oúnjẹ kò ju 1 tàbí 2 lọ. Ní tèmi, mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má pe gígan yìí ní àìsàn: ìwé ìfẹ̀yìntì sẹ́ẹ̀lì ni, ara ló sì kọ ọ́.

Ó di àìsàn nígbà tí ìwé náà bá dé ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Lára àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú SS, hemoglóbíìnì máa ń so mọ́ra di ọ̀pá gígùn bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára rẹ̀, ni sẹ́ẹ̀lì á bá gan lójijì, á tẹ̀ bíi dòjé. Nígbà tí ọ́síjìn bá padà, ó lè tún rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, awọ rẹ̀ á bàjẹ́, kò ní lè padà mọ́. Ọjọ́ 10 sí 20 péré ni irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń lò, ìdí sì nìyẹn tí ojú wọn fi máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í pọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì ń gbà fara hàn, mo sì fẹ́ fi í bọ̀ ọ́ nítorí àwọn abiyamọ tó máa ka èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó ohun kan tó ń jẹ́ G6PD, èyí tó ń gba sẹ́ẹ̀lì pupa lọ́wọ́ ìdógùn-ún. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀, G6PD tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì máa ń yára tán, tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó dàgbà ló ń kọ́kọ́ fọ́ bí ẹni náà bá lo oògùn ibà tó ń jẹ́ primaquine, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí sì ń yè é. Ó ti hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà láti 1954. Kánfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ ìkókó náà lè fa irú ìfọ́ yìí, nítorí náà ẹ má fi í sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sọ́dọ̀ Bàbá. Àgbà ọjọ́ orí wọn kọ́ ló gbẹ ẹ̀jẹ̀ wọn. Lóòótọ́, protein kan tó ń jẹ́ fibrinogen tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí a bá ń dàgbà, ó sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa tò léra wọn bí owó kọ́ìnì, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa lọ́ra díẹ̀. Lóòótọ́ náà ni pé ṣúgà tó pọ̀ jù ń lẹ̀ mọ́ hemoglóbíìnì àti awọ sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn tó wọ̀n ọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í rọ̀ tó ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè mú PCV já láti ibi tó yẹ kó wà wá sí 19. Ibi tí mo máa ní kí dókítà yín wá a sí ni kíndìnrín, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣẹ pé kí mùdùnmúdùn ṣe sẹ́ẹ̀lì ti ń wá, ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Àti inú, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bi Bàbá léèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn ara ríro láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ìgbẹ́ wọn ń dúdú bí ọ̀dà. Àwọn bàbá wa kì í dédé sọ ìyẹn fún ọmọbìnrin. Ẹ̀gbọ́n yín ni kó bi wọ́n.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì, ẹ̀gbọ́n yín mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ọjọ́ 22 kò kọjá àlà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi CPDA-1, èròjà tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́, pamọ́ láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 6 ń lò tó ọjọ́ 35. Kì í ṣe pé nǹkan kan kì í ṣe é. Mo máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ 30 láti inú ọ̀rá kan náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ti àkọ́kọ́ tẹ́jú, ó mọ́, àárín rẹ̀ funfun díẹ̀, nínú ti èkejì, ọ̀pọ̀ ti yọ ẹ̀gún kúkúrú yíká bí èèmọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ni láṣọ lóko, àwọn kan sì ti di rìbìtì. Agbára inú wọn ti dín, wọ́n ti já awọ díẹ̀, wọ́n sì ti gan sí i. Bí wọ́n bá wọnú ara, púpọ̀ nínú wọn á tún padà sí ìrísí wọn, èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ni ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀ máa kó kúrò. Ìlànà tí Amẹ́ríkà ń lò ni pé ó kéré tán, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́yìn wákàtí 24.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹni tó tọrẹ ẹ̀jẹ̀ ní àárọ̀ yìí kò yọ àgbà kúrò nínú tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kan, ti ọjọ́ 60 àti ti ọjọ́ 119 ló jọ wà nínú ọ̀rá tí ẹ ń pè ní tútù.

Wọ́n ti dán ìbẹ̀rù yín wò lára ènìyàn. Ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, ọmọdé 290 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti gbẹ gan-an, tí ara wọn sì ń jìyà àìtó ọ́síjìn, ni wọ́n pín sí méjì: àwọn kan gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ 1 sí 10, àwọn kan gba ti ọjọ́ 25 sí 35. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 ni pé ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ kò rẹ̀yìn sí tuntun nínú bó ṣe ń mú ọ́síjìn dé ibi tó yẹ. Ní 2016, ìwádìí tó lé ní 20,000 aláìsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin fi hàn pé ikú kò pọ̀ ju ara wọn lọ láàárín àwọn tó gba tuntun àti àwọn tó gba èyí tó ti pẹ́. Bí mo bá ní kí n sọ ohun tó ń pa àwọn aláìsàn wa nípa ẹ̀jẹ̀, dídúró de ẹ̀jẹ̀ tí kò sí nílẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ nípa ìtọ̀ ṣúgà Bàbá. Àyẹ̀wò HbA1c tí wọ́n fi ń mọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ hemoglóbíìnì láti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti wà láyé ló ń kà. Oṣù mẹ́rin tí sẹ́ẹ̀lì ń lò ló sì jẹ́ kó ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn tó jẹ ṣúgà ẹlòmíràn ti dà pọ̀ mọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò yìí kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó lè sọ pé ara Bàbá ti bọ̀ sípò nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dín oògùn wọn kù. Ẹ̀gbọ́n yín tó mọ déètì kà ni kí ẹ ní kó kọ ọjọ́ tí wọ́n gba ọ̀rá méjèèjì sẹ́yìn káàdì Bàbá, kí ẹ fi han dókítà, kí ẹ sì máa kọ ṣúgà àárọ̀ tí ẹ bá wọ̀n nílé sínú ìwé títí oṣù mẹ́ta náà yóò fi pé.